Ṣé ohùn Ìbàdàn ló ń dí mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, àdúgbò Bẹẹrẹ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó, èmi ni mo sì máa ń gbé ìròyìn ìnáwó oṣooṣù síwájú àwọn ọ̀gá. Kò sí ìpàdé tí wọn kì í ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà mìíràn wọ́n á máa wojú ara wọn, àwọn kan á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀gá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní H-factor mi ti pọ̀ jù, ìyẹn ni pé mo ń fi H síbi tí kò yẹ, mo sì ń yọ ọ́ níbi tó yẹ, pé bí mo bá fẹ́ ìgbéga, kí n lọ tún ẹnu mi ṣe. Ẹnìkan tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń bá a yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, òun ni wọ́n ń rán sí àwọn oníbàárà báyìí. Mo ti rí kíláàsì kan tó ń gba owó gọbọi, wọ́n ní láàárín oṣù mẹ́ta màá máa sọ̀rọ̀ bí òyìnbó. Ṣé kí n lọ san án ni? Àbí ahọ́n mi ló ní àléébù?”

Àbúrò mi, ahọ́n rẹ ò ní àléébù kankan. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ láti ka ìyókù. Ohun tó ta sí mi létí jù nínú lẹ́tà rẹ ni pé wọ́n máa ń ní kí o tún ọ̀rọ̀ sọ. H tí ọ̀gá rẹ ń pariwo rẹ̀ ò tó ìyẹn. Wọ́n ti so nǹkan méjì pọ̀: bí ohùn rẹ ṣe ń dún, àti bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe ń yé èèyàn tó. Ìwọ náà gbà á bẹ́ẹ̀, o sì ti ń wá kíláàsì kiri. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ àti àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní bí a ṣe ń lo ohùn, mo sì lè sọ fún ọ pé nǹkan méjèèjì kì í sábà rìn pọ̀. Mo mọ àwọn tí H wọn ń bọ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo sì mọ àwọn tí ẹnu wọn dún bíi ti ará Ọjà Ọba Ìbàdàn látòkè délẹ̀, tí gbogbo yàrá á pa lọ́lọ́ bí wọ́n bá ti la ẹnu.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ H yìí, kó má baà máa dà ọ́ láàmú. Yorùbá àjùmọ̀lò ní H, bó ṣe wà nínú ahọ́n àti ìhòòhò, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka èdè wa, ìró náà kì í dúró sójú kan. Ẹlòmíràn ń gé e dànù nílé láìmọ̀. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá dé iléèwé, tí tíṣà na ẹgba fún un nítorí pé ó pe “house” láìfi H sí i, ọpọlọ rẹ̀ á di ẹ̀kọ́ kan mú: nǹkan kan wà tó yẹ kó máa wà níwájú fáwẹ̀lì. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti ṣàlàyé ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ. Látìgbà náà ni “egg” á ti di “hegg”, tí “hungry” á sì tún pàdánù tirẹ̀. Àtúnṣe tó kọjá ààlà ni, ẹni tó ń gbìyànjú ló sì máa ń ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Èkìtì, lẹ́nu ọmọ Oǹdó, lẹ́nu ọmọ Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ ìlà-oòrùn London náà ń gé H dànù láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn tó bá sì fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé nínú wọn máa ń lọ fi í síbi tí kò sí, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó ní ahọ́n wọn ṣàìsàn.

Èyí tó jẹ́ ti Ìbàdàn gan-an ni S àti Ṣ tó máa ń gba àyè ara wọn. Ẹni tó ń pe iṣu ní isu nílé, “fish” lè di “fis” lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó bá sì ń ṣọ́ ẹnu jù, “seven” lè di “sheven”. Ní ti àwọn ìró tí Yorùbá ò ní rárá, gbogbo wa la jọ ń jẹ gbèsè wọn, ìbáà ṣe ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: V á di F, Z á di S, ìró tó bẹ̀rẹ̀ “church” á di Ṣ, èyí ló sì jẹ́ ká máa pe ilé ìjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kì í ba ìtumọ̀ jẹ́. Ẹni tó gbọ́ “hegg” níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ̀ pé ẹyin ni. Ẹ̀rín ló máa ń fà. Ẹ̀rín máa ń dunni, mi ò sọ pé kò dunni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín ti gbọ́ ohun tó o sọ.

Àfi níbi kan, ibẹ̀ sì kan iṣẹ́ rẹ. Bí “eight million” bá di “hate million” lẹ́nu oníṣirò owó, àwọn tó wà níjókòó á dúró sórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n sì tó padà dé, o ti kọjá sórí nọ́ńbà mìíràn. Nítorí náà, má ṣe dá ara rẹ lágara pé o fẹ́ tún gbogbo H inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Mú ìròyìn ìnáwó oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, fa ilà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì tàbí H tí o máa ń lò: “eight”, “eleven”, “hundred”, “half”, “audit”, “asset”, “overhead”, “expenses”, “invoice”. Ojú ìwé kan ò ní kún. Gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ síwájú ẹnu, kó má jìnnà ju ìka mẹ́rin lọ. Pe “hundred”: atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ rẹ kí ohùn tó jáde. Pe “eight”: atẹ́gùn kankan ò gbọdọ̀ ṣáájú ohùn. Pe wọ́n tẹ̀lé ara wọn, “eight hundred”, títí ọwọ́ rẹ á fi mọ ìyàtọ̀ náà kí etí rẹ tó mọ̀ ọ́n. Ṣe é ní àárọ̀ nígbà tí o bá ń múra, kí o ṣe é nínú ọkọ̀ bí ojú ò bá tì ọ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ló máa gba ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀rín inú ìpàdé yẹn.

Ibi tí mo rò pé ìṣòro rẹ gan-an wà rèé, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á. Ní Yorùbá, gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọkọ tí à ń fẹ́. A ò lè máa gbé ohùn sókè sódò bó bá ṣe wù wá, ọ̀rọ̀ á di ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a bá wá fẹ́ kí olùgbọ́ mọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù, ńṣe la máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú, a ó fi “ni” dè é. Bí wọ́n bá ń jà lórí iye tó ṣẹ́ kù, o ò ní sọ pé “Ó ku mílíọ̀nù méjì,” o ó ní “Mílíọ̀nù méjì ló kù.” Ó parí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ibi tí o tẹ̀ ẹ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gba ọ̀nà yẹn. Ó máa ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sáyè rẹ̀, ohùn ni wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́: ọ̀rọ̀ tó wúwo á gùn díẹ̀, á ròkè díẹ̀, àwọn tó yí i ká á kéré, á sì yára kọjá. Ẹni tó ní “We spent two million in March” tó tẹ “two”, àti ẹni tó tẹ “March”, ti sọ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń jiyàn lórí iye, ti èkejì ń jiyàn lórí oṣù.

Ọmọ Yorùbá tó bá ń fi àṣà ohùn tiwa sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún gbogbo sílébù ní ìwọ̀n kan náà, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Gírámà pé, ọ̀rọ̀ pé, síbẹ̀ olùgbọ́ ò mọ èyí tó yẹ kó dì mú. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ á fara dà á. Ẹni tí kò mọ́ lára, tàbí ẹni tó ń tẹ fóònù lábẹ́ tábìlì, á ní “Come again?” Ọ̀gá rẹ náà mọ̀ pé nǹkan kan ò wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. H ni gbogbo èèyàn mọ orúkọ rẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà H ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé etí tiwa ló yẹ kó tètè mọ̀ ọ́n jù. Ẹni tó ń ya dò sọ́tọ̀ kúrò lára re láti kékeré ò lè ṣàì gbọ́ ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ti fi hàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń ní kí àwọn tí mò ń kọ́ kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn bíi pé Yorùbá ni. “Committee” á di kọ̀mítì, àárín ló gba òkè. “Management” á di mánẹ̀jìmẹ̀ǹtì, ìbẹ̀rẹ̀ ló gba òkè, ìyókù á wálẹ̀. “Develop” á di dìfẹ́lọ̀pù. “Revenue” á di rẹ́fẹ̀nù. “Maintenance”, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ̀ láàárín, ìbẹ̀rẹ̀ ló ti yẹ ká tẹ̀ ẹ́: méntìnàǹsì. Má jẹ́ kí V tó di F nínú ohun tí o kọ dà ọ́ láàmú, ohùn la ń wá níbẹ̀. Bí ibi tó yẹ kí o tẹ̀ kò bá dá ọ lójú, atúmọ̀ èdè orí fóònù máa pè é sí ọ létí, wàá sì rí àmì kékeré kan lókè, ṣáájú sílébù tó gba òkè.

Nọ́ńbà ni kí o mú ní pàtàkì, torí òun ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ. “Fifteen” àti “fifty”, “eighteen” àti “eighty”: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tipa wọn san owó tí kò yẹ. Yorùbá kì í fi N parí ọ̀rọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó gba fáwẹ̀lì sí imú. Nítorí náà, N tó parí “fifteen” máa ń ká sínú imú, ohun tó kù á sì fẹ́ jọ “fifty”. Jẹ́ kí ahọ́n rẹ kan òkè ẹnu lẹ́yìn eyín níparí “fifteen”, kí ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí “teen” sì gùn. Jẹ́ kí “ty” kúrú, kí “fif” gba òkè. Lórí tẹlifóònù, má tilẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju ìró tó wà láàárín nǹkan bí 300 sí 3,400 Hz (ìwọ̀n bí ìró ṣe ga sí) lọ, òkè ìyẹn sì ni púpọ̀ nínú agbára S àti F wà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn dá wọn mọ̀ lórí ìlà. Bí owó bá wà nídìí rẹ̀, pe nọ́ńbà náà, kí o tún tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: “fifteen, one five”. Àwọn awakọ̀ òfurufú ń ka nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní aláìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Yíyára sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi òun rẹ́rìn-ín máa ń sáré kó lè tètè jókòó. Gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ sórí fóònù fún ìṣẹ́jú kan, bí o ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípàdé gan-an, kí o wá ka iye ọ̀rọ̀ tó jáde. Àwọn tó ń ka ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì lè sọ 150 sí 180 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ wọn sì nìyẹn látàárọ̀ dalẹ́. Ìròyìn owó tó kún fún nọ́ńbà, nítòsí 120 ni èmi máa ń fẹ́ kó wà. Bí ohùn tó jáde látinú fóònù bá rí bákan létí rẹ, má fòyà. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, egungun orí wa náà máa ń gbé ohùn wa wá sí etí inú, ó máa ń jẹ́ kó ki. Fóònù ò ní egungun yẹn. Ohùn tí àwọn tó kù ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́.

Nígbà tí o bá ń gbọ́ ọ, ṣọ́ ìparí gbólóhùn. Ohùn Yorùbá máa ń rọra wálẹ̀ bí gbólóhùn bá ṣe ń lọ, èémí á sì ti tán kí a tó dé òpin. Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀wẹ̀, ìparí ló sábà máa ń fi ìròyìn tuntun sí: iye, ọjọ́, orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ó túmọ̀ sí pé ibi tí ohùn rẹ ti ń kú gan-an ni ohun tí wọ́n ń dúró dè wà. Ojútùú rẹ̀ ò le: ké gbólóhùn sí wẹ́wẹ́, mí ṣáájú nọ́ńbà dípò kí o mí lẹ́yìn rẹ̀, kí o sì gbé orí kúrò nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ gbígbé orí yìí máa ń le fún àwọn obìnrin tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í wo àgbà lójú, kì í sì í pariwo. Mi ò ní kí o gbàgbé ilé. O lè kúnlẹ̀ kí ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà, kí o sì wojú wọn nígbà tí o bá ń ka iye owó. Èkíní ò ba èkejì jẹ́. Bí ojú ọ̀gá bá wúwo jù fún ọ, iwájú orí wọn ni kí o wò, wọn ò ní mọ ìyàtọ̀.

Ohun kan ṣì wà tí kò kan ẹnu rárá. Mo lè méfò bí ìròyìn rẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, torí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ púpọ̀. O ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. O ó tọrọ àforíjì pé àkókò ò tó láti ṣètò dáadáa. O ó padà sí oṣù kìíní, o ó ṣàlàyé bí owó dísù ṣe ń gun òkè, bí mẹkáníìkì ṣe wá, ohun tó sọ, bí a ṣe wá a tì nígbà kejì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni o ó wá sọ iye tí a ná kọjá ètò, pẹ̀lú ohùn tó ti rẹ̀. Àwa mọ̀ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Òótọ́ ni nínú ilé. Nínú ìpàdé, àwọn tó jókòó yẹn ò fẹ́ ṣiṣẹ́ sísọ àbọ̀ di odindi fún ọ, pàápàá bó bá ti kan owó. Gbìyànjú èyí: “Ẹ káàárọ̀ o. Lóṣù kẹta, owó dísù fi mílíọ̀nù méjì náírà kọjá ètò. Jẹnẹrétọ̀ kejì tó bàjẹ́ ló fà á. Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀ lónìí.” Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tìrẹ, pẹ̀lú ohùn Bẹẹrẹ rẹ. Kí o wá dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn mẹkáníìkì á béèrè, o ó sì sọ ọ́ fún un. Wàá rí i pé “tún un sọ” á dínkù kí H rẹ tó yí padà rárá, torí olùgbọ́ tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ máa ń fi òye dí àwọn àlàfo tí etí rẹ̀ pàdánù.

Ní ti kíláàsì tó fẹ́ sọ ọ́ di òyìnbó láàárín oṣù mẹ́ta, má san án. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ òyìnbó wo. Ará Glasgow ò sọ̀rọ̀ bí ará Liverpool, ará Liverpool ò sọ̀rọ̀ bí ará Texas. Akínwùmí Adéṣínà, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ààrẹ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà láti 2015 sí 2025, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí yóò rò pé London ni wọ́n ti bí i. Ngozi Okonjo-Iweala ló ń darí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé láti oṣù kẹta ọdún 2021 pẹ̀lú ohùn tó mú wá láti ilé. Tẹ́tí sí àwọn méjèèjì, kí o ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró kí nọ́ńbà tó jáde, bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó kọjá. Kódà ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì IELTS tí àwọn tó fẹ́ jáde nílùú máa ń ṣe, ohun mẹ́rin ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì so kọ́ra, bí àká ọ̀rọ̀ ṣe tó, gírámà, àti bí pípe ọ̀rọ̀ ṣe yéni tó. Wọn ò yọ máàkì ẹnikẹ́ni nítorí pé ó dún bí ọmọ Nàìjíríà, bó bá ti yéni. Ẹni tó ń fi imú yá ohùn òyìnbó lò níwájú oníbàárà ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti èrò ọ̀rọ̀ àti ìṣọ́ ẹnu, ọjọ́ tí inú bá bí i ni èyí tó yá lò máa bọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo kíláàsì ló jẹ́ ìjẹkújẹ o. Èyí tí mo lè ní kí o náwó sí ni èyí tí olùkọ́ rẹ̀ á gbọ́ ohùn rẹ kó tó dá iye lé e, tí yóò lo ìwé iṣẹ́ tìrẹ dípò ewì àwọn ọmọdé, tí èèyàn ò ní pọ̀ débi pé ìwọ ò ní sọ̀rọ̀, tí yóò sì sọ ohun tí òun ò lè ṣe fún ọ. Bí owó ò bá sí, ẹgbẹ́ Toastmasters wà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1924, ó ní ẹ̀ka ní Èkó, owó rẹ̀ ò sì tó ti kíláàsì rárá. Wàá sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn lóòrèkóòrè, wọ́n á sì yan ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka iye ìgbà tí o sọ “ahn” àti “so”. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé àtẹ́wọ́ máa ń pọ̀, ó sì máa ń sọ àwọn kan di ajíhìnrere: wọ́n á dé inú ìpàdé ìnáwó, wọ́n á máa na ọwọ́ sókè. Wọn kì í sì í ṣe amòye ìró, wọn ò lè bá ọ tún “eight” ṣe. Èyí tí kò gba kọ́bọ̀ ni kí o máa ka ìròyìn rẹ sókè nílé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kí o fa ilà síbi tí o ti máa mí, kí o sì fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí o máa tẹ̀. Ó máa ń sú èèyàn. Síbẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀, òun ló ṣiṣẹ́ fún àwọn tó pọ̀ jù.

Má retí pé gbogbo rẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ inú ojú ìwé kan yẹn lè dúró láàárín oṣù díẹ̀, títẹ ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, H á sì máa yọjú padà nígbà tó bá rẹ̀ ọ́ tàbí tí wọ́n bá mú ọ bínú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ń há sí ọ lọ́nà ọ̀fun ni, tí o ń kólòlò, tàbí tí o kì í gbọ́ ìyàtọ̀ ìró kódà nígbà tí wọ́n bá pè é ketekete sí ọ létí, ìyẹn kọjá tèmi. Ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń rí sí etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀tanú náà wà, mi ò lè fi ohùn tún un ṣe. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú ọ́fíìsì wa, ẹni tó ń pe “water” bí ará Amẹ́ríkà láìwọ bàálù rí, ọ̀làjú ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá dún bí ìlú ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá rẹ ń sọ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ọ lóòótọ́. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀. Padà lọ bá wọn ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o ní: “Ẹ ṣeun tí ẹ là mí lójú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, nínú ìròyìn oṣù tó kọjá, ibo gan-an lẹ ò ti gbọ́ mi?” Bí wọ́n bá tọ́ka sí nọ́ńbà tàbí gbólóhùn kan, o ti rí ibi tí iṣẹ́ wà. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan tọ́ka sí, béèrè ohun tó kù kí wọ́n tó lè rán ọ sí oníbàárà, kí o sì rọra fi ímeèlì kọ ìdáhùn wọn ránṣẹ́ padà sí wọn pé bí o ṣe gbọ́ ọ nìyí. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, gba ìròyìn tuntun yẹn sílẹ̀ sórí fóònù nígbà méjì, lẹ́ẹ̀kan bí o ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan bí mo ṣe wí, kí o fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Yọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti iye owó gidi kúrò kí o tó fi ránṣẹ́ o.